Òrí Yọ́, Yìnyín Ò Yọ́

Fọ́tò kẹsàn-án ni Salimot Abísóyè gbá mú tí kò fẹ́ gbé sílẹ̀ mọ́. Mẹ́tàdínlógún ni àwọn ọlọ́pàá Plano, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, yà, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò wo ti ilẹ̀kùn, kò wo ti ògiri. Búùtù ọkọ̀ ló wà nínú èyí tó dì mú. Àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀, bàtà iṣẹ́ wà níbẹ̀, abọ́ oníke kan tí wọ́n rọ òrí sí náà wà níbẹ̀, òrí ọ̀hún sì ti yọ́ tán, ó ń dán bí òróró. Láàárín wọn ni ìró àǹkárá kan wà tí ọlọ́pàá ti tú, inú ìró yẹn ni wọ́n ti bá àwòrán tí wọ́n ní wọ́n jí gbé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwòrán gàgàrà ni o. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́ lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni wọ́n yà sórí rẹ̀, ó ń bó àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ojú fẹ́ bọ́ kò bọ́. Neža Podlipnik ló yà á, obìnrin ayàwòrán ará Slovenia tó ti kú láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tí Salimot ń bá ṣiṣẹ́ ní Dallas ló dúró fún àwòrán náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán an wá. Kó tó dé Amẹ́ríkà, ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Ìyágankú, n'Ìbàdàn. Ìfura ti mọ́ ọn lára. Ó máa ń fura sí ẹni tó bá kí i jù, ó sì máa ń fura sí ẹni tí kò bá kí i rárá.

"Aago mélòó lẹ ṣí búùtù yìí?" ló bi Ramirez, ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àwa la ń fi Yorùbá ròyìn rẹ̀.

"Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú."

"Ìgbà wo lẹ ní olè jí i?"

"Láàárọ̀. Aago méje ni Fèyísọ́lá, ìyẹn obìnrin tó ń tọ́jú màmá onílé, dé ibi iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án ni màmá pariwo pé àwòrán ò sí lára ògiri mọ́. Láàárín méjèèjì ló gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ tó bá parí iṣẹ́. Ẹjọ́ tó rọrùn ni."

"Ẹjọ́ tó rọrùn kì í jẹ́ kí n sùn. Kí ni nǹkan búlúù tó wà nínú ìró yìí?"

Ramirez tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ẹn-ẹ́n, àpò yìnyín. Irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ orúnkún tó bá wú. Òun àti àwòrán ni wọ́n jọ wé pọ̀."

"Ó ti yọ́?"

"Rárá o, ó le gbagidi. Oòrùn ọjọ́ yẹn fẹ́ pa èèyàn, mo tiẹ̀ gbé e lé ọrùn mi díẹ̀ kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀." Ramirez rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé Salimot ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Oòrùn August, nílùú yín yìí. Ọkọ̀ dúró síta láti aago méje àárọ̀, òrí inú rẹ̀ yọ́ di omi. Yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrí yẹn wá le gbagidi. Ṣé yìnyín Plano ò mọ oòrùn Plano ni?"

Ramirez gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni," ni Salimot wí. "Bóyá ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Kò jù bẹ́ẹ̀."

"Òun náà lè gbé e síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ bi í."

*

Ní ìlú Garland ni Fèyísọ́lá ń gbé, nínú apartment kékeré kan tó mọ́ tónítóní. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí àgbàlagbà Yorùbá tó wé ìborùn, eékún ló fi kí i.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán. Dìde, ọmọ mi. Mi ò tíì ní mo gbà ẹ́ gbọ́ o. Ìdajì àwọn tó kúnlẹ̀ fún mi n'Ìyágankú, olè ni wọ́n."

Ọmọbìnrin náà dìde, ó nu ojú tó ti wú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́ta ló ti ń tọ́jú Mama Zupan ní Plano: ó ń wẹ̀ fún un, ó ń fún un lóògùn, ó ń jókòó tì í tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn títí láé. Ọdún márùn-ún ló fi kàwé nọ́ọ̀sì, mẹ́ta nínú rẹ̀ ló fi kà á mọ́ iṣẹ́ náà. Ó yege ìdánwò lóṣù tó kọjá, ọsibítù ńlá kan ní Dallas sì ti ní kó máa bọ̀.

"Lọ́jọ́ Ajé ni agbẹjọ́rò ìjọba máa sọ bóyá wọ́n á fẹ̀sùn kàn mí," ló wí. "Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn mí pẹ́nrẹ́n, láìsẹ́ǹsì mi wọgbó nìyẹn. Àwọn tó ń fúnni ní láìsẹ́ǹsì ti kọ̀wé sí mi. Àǹtí, mi ò jí nǹkan kan. Ẹ gbà mí."

"Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Dá mi lóhùn kíákíá. Ìró ta ni?"

"Tèmi ni, mà. Mo máa ń ró o lórí aṣọ iṣẹ́ bí mo bá ń wẹ̀ fún Mama. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ló máa ń wà."

"Àpò yìnyín?"

"Ti orúnkún Mama ni. Fírísà la ń gbé e sí."

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ?"

"Mo máa ń fi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì, mà. Gbogbo èèyàn ló mọ ibẹ̀."

"Láti aago mẹ́ta ààbọ̀ sí aago mẹ́rin, ibo lo wà?"

Fèyísọ́lá wolẹ̀. "Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Frank, ọmọ Mama, ti dé nígbà yẹn. Ó ní kí n wá tú gbogbo yàrá fún òun. Bí mo ṣe wọ yàrá ẹ̀yìn ló tì mí mọ́bẹ̀, ó ní òun fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ìgbà tí ọlọ́pàá tẹ agogo ló tó ṣí i. Mo sọ fún wọn. Frank ní irọ́ ni mo ń pa."

Inú bí Salimot, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú. Bí wọ́n bá ti ọmọ yìí mọ́lé lóòótọ́, kì í ṣe òun ló gbé yìnyín sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ló gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, olúwa rẹ̀ sì ti sẹ́.

"Ta ló tún wà nílé?"

"Mama nìkan, ní pálọ̀. Mama ò lè rìn kọjá pálọ̀ sí bálùwẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń dì mú tì síwájú ló fi ń rìn. Jameelah tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Òun ló ń tọ́jú Mama ní Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú."

"Ta ló mọ̀ pé o yege?"

"Jameelah nìkan, mà."

"Mama gan-an ò mọ̀?"

"Háà, mi ò tíì sọ fún un. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, Àǹtí. Mo ní tí láìsẹ́ǹsì bá dọ́wọ́ mi ná, n ó wá jókòó tì í, n ó sọ fún un dáadáa. Nílé wa, a kì í pariwo ohun tí kò tíì dọ́wọ́."

Salimot mi orí. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀, ẹni náà sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Bó ṣe dé inú ọkọ̀ ló pe Jameelah. Fóònù dún, dún, dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, ìfura rẹ̀ sì lọ sókè.

*

Frank Zupan ò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Austin ló ń gbé. Láàárọ̀ Ọjọ́rú tí wọ́n pè é pé àwòrán ti sọnù, ọkọ̀ ló fi sáré wá. Kíṣìnì ilé Plano ló ti dá Salimot dúró, ó ní màmá òun ń sinmi ní pálọ̀.

"Mo ti sọ gbogbo tèmi fún ọlọ́pàá."

"Ó dáa. Èmi ni ẹni tó ń sanwó bí àwòrán bá bàjẹ́, ẹ tún un sọ fún mi. Ṣé ẹ ti Fèyísọ́lá mọ́lé?"

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Salimot gbé fọ́tò kẹsàn-án síwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ òrí, ó fi tọ yìnyín, ó ṣàlàyé. Frank ń gbọ́, àwọ̀ ojú rẹ̀ ń yí padà. "Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ṣe é láàárín aago mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Òun tàbí ẹ̀yin ni. Ẹ wí èyí tó jẹ́ òótọ́, torí tó bá dé ilé ẹjọ́, wọ́n á bi yín ju báyìí lọ. Wọ́n á sì yẹ ilẹ̀kùn yàrá yẹn wò, ọwọ́ ta ló wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Frank wo ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo tì í. Mi ò fẹ́ kó sá lọ. Lọ́yà mi ní kí n má sọ ọ́."

"Ìyẹn ni pé inú yàrá lòun wà, ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀."

"Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí! Ẹ wò ó." Ó fa fóònù yọ. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló pe ọlọ́pàá, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló fi wà lórí fóònù.

"Fóònù ò so ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ilé yìí, kí ẹ gbé màmá yín lọ sílé àwọn arúgbó. Mo gbọ́ pé Fèyísọ́lá ló ń sọ pé kò tíì tó àkókò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀! Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé n ó wá ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́?"

Ó dùn ún gan-an, ó hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Salimot ti rí àwọn tó sunkún ẹ̀jẹ̀ n'Ìyágankú, tí ẹran tí wọ́n jí ṣì wà nínú ìkòkò wọn. Ó yí ọ̀rọ̀ padà.

"Tí ọlọ́pàá bá dá àwòrán padà fún yín lọ́la, báwo lẹ ṣe máa gbé e dé Austin?"

"Báwo ní? N ó jù ú sí búùtù, n ó máa lọ."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Pátákó ni, ìyáàfin. Kì í ṣe bọ́tà."

Salimot wò ó, ó tún un wò. Ọkùnrin yìí ò mọ ohun tó ń wí, kò sì díbọ́n. Èwo wá ni yìnyín? Ẹni tó bá fẹ́ di ẹrù olè mọ́ èèyàn lọ́rùn, ẹrù náà ni yóò kàn gbé jù sínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì sá kúrò níbẹ̀. Kí ló kàn án bí ẹrù bá gbóná? Ẹni tó gbé àwòrán yìí síbẹ̀ dúró, ó ṣí fírísà, ó mú yìnyín, ó wé e bí ẹní wé ọmọ tuntun. Ẹni náà ń bẹ̀rù oòrùn nítorí àwòrán.

"Ta ló mọ ìtàn àwòrán yìí nílé yín?"

"Bàbá màmá mi ló gbé e wá láti Slovenia. Ó kọ ìwé pélébé kan nípa obìnrin tó yà á. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, mi ò kà á rí."

"Ìbéèrè kan ló kù. Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo inú ọkọ̀?"

Frank ronú. "Mama ni. Nígbà tí ọlọ́pàá wọlé, ó fa apá aṣọ mi, ó ní, 'Ẹ wo inú ọkọ̀ rẹ̀.' Èmi ni mo wá pariwo rẹ̀."

*

Tábìlì kíṣìnì ni Salimot jókòó sí, ó ka ìwé pélébé náà.

Ọmọ ẹni tó ń sin oyin ni Neža Podlipnik. Ní abúlé wọn, wọ́n máa ń ya àwòrán sí iwájú ilé oyin, sára àwọn pátákó pẹlẹbẹ, kí ilé oyin tẹnì kan lè yàtọ̀ sí tẹlòmíràn. Ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí ìlú Munich. Ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ìjọba kì í gba obìnrin nígbà náà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ aládàáni ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tójú bá rí, láìfi iyọ̀ sí i, láìyọ iyọ̀ kúrò. Ó padà sílé, àwọn olówó ní kó wá ya àwọn. Bí olówó bá ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, ó yà á. Bí ìyàwó olówó bá ní irun lágbọ̀n, ó yà á. Kò pẹ́ tí wọn ò fi pè é mọ́, ó sì ní ẹ̀tẹ́ tiwọn nìyẹn.

Ìgbà yẹn ló kọjú sí kíṣìnì ara rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Reza, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Reza ń fọṣọ, Reza ń po ìyẹ̀fun, Reza ń bó àlùbọ́sà. Ti àlùbọ́sà yìí, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ní kí ọmọbìnrin náà máa bó o, torí kò fẹ́ ya ẹkún èké. Salimot rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ẹ̀rín náà sì pòórá.

Ìda oyin ni Neža máa ń pò mọ́ ọ̀dà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹni tó kọ ìwé fa ìlà sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e: kí ẹnikẹ́ni tó bá ni àwòrán yìí má ṣe jẹ́ kó dé inú oòrùn láé, torí ìda á rọ̀, ọ̀dà á ṣàn, aṣọ tí wọ́n bá fi wé e á lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn ìwé kúrú. Reza rí ọkọ fẹ́ ní ìlú mìíràn, ó lọ. Wọ́n ní kò sọ fún Neža títí di àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ayàwòrán náà gbé ọdún mọ́kànlá sí i láyé, kò ya ohunkóhun mọ́.

Fóònù Salimot dún. Jameelah ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú mà. Iṣẹ́ ni mo wà, wọn ò jẹ́ ká gbé fóònù."

"Iṣẹ́ wo?"

"Rowlett, mà. Kílíníkì tí wọ́n ti ń fọ kíndìnrín. Mo ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà sí mẹ́rin lójoojúmọ́. Ẹ lè bi wọ́n."

Ẹni tó wà ní Rowlett ní aago mẹ́rin ò lè wà ní Plano ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Salimot ti yọ ọ́ kúrò lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan sí i. "Ta lo sọ fún pé Fèyísọ́lá yege?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan o. Àfi Mama. Ṣùgbọ́n Mama mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí? Ọjọ́ Àìkú ló bi mí pé ìgbà wo ni Fèyísọ́lá máa parí ilé ìwé. Mo ní, 'Háà Mama, ó ti parí, ọsibítù ti gbà á.' Mo tiẹ̀ kí i kú oríire."

"Kí ni Mama wí?"

"Ó kàn ní kí n yí àga òun, kí òun lè kọjú sí àwòrán."

*

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Salimot kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ náà. Ramirez dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salimot. Frank fara ti ògiri. Fèyísọ́lá jókòó sí ibi tó jìnnà jù lọ, kò lè gbójú sókè. Mama Zupan, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, wà láàárín wọn lórí kẹ̀kẹ́ ìrìn rẹ̀, èyí tó ní ìjókòó láàárín, tí àpò aṣọ sì wà lábẹ́ ìjókòó. Lókè orí rẹ̀, ìṣó tí wọ́n fi àwòrán kọ́ dá wà lára ògiri.

Salimot tẹrí ba fún un, ó kí i bí a ṣe ń kí àgbà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ojú bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Mà, ọ̀rọ̀ búburú ni mo gbé wá. Àwọn ọlọ́pàá gbàgbé àwòrán yín sínú ọkọ̀ wọn lánàá, nínú oòrùn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú Reza ti ṣàn dà sínú àlùbọ́sà."

Ramirez la ẹnu. Salimot fi ẹsẹ̀ tẹ bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mama Zupan dìde. Kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, ó dé iwájú ọlọ́pàá, ó na ìka sí i lójú.

"Ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Ta ló ń gbé ìda sínú oòrùn? Ẹ ò rí i pé mo fi yìnyín..."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mama?" ni Frank wí.

"Ẹ jókòó, mà," ni Salimot sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Irọ́ ni mo pa, ẹ foríjì mí. Àwòrán yín wà nínú yàrá tútù ní àgọ́ wọn, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé oòrùn lè bà á jẹ́. Nígbà tí Fèyísọ́lá ń wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀, orí àwòrán náà lẹ jókòó sí, nínú àpò tó wà lábẹ́ yín yìí. Nígbà tí Frank tì í mọ́ òkè, ẹ mú ìró rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ mú yìnyín ní fírísà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ka á. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ló wà láti ilẹ̀kùn kíṣìnì dé ẹ̀yìn ọkọ̀."

Màmá náà jókòó. Kò wo Salimot, kò wo ọmọ rẹ̀. Fèyísọ́lá ló ń wò.

"O fẹ́ lọ, o ò sì sọ fún mi," ló wí. "Ẹlòmíràn ló sọ fún mi. Bí Reza gan-an. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, mo búra. Mo rò pé wọ́n á kàn dá ìwé rẹ dúró ni. Ọdún kan péré. Mi ò lérò pé n ó lò ju ọdún kan lọ mọ́."

Frank fọwọ́ bojú. Ramirez wúkọ́. Ó sọ fún Fèyísọ́lá pé ẹjọ́ rẹ̀ ti parí, pé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ lẹ́tà á ti dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba àti àwọn tó ń fúnni láìsẹ́ǹsì. Fèyísọ́lá mi orí bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú màmá náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ̀ bá ti bi mí, Mama," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo gbà ní ọsibítù. Wọ́n fẹ́ márùn-ún, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní mo ní màmá kan ní Plano tí mo gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ wá sọ fún yín tí ìwé bá dọ́wọ́ mi."

Màmá náà na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà dúró lójú òfuurufú.

"Ṣé o ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Salimot, tí kì í yíjú kúrò lára ẹni tó bá ń fura sí, yíjú sí fèrèsé. Ó ti yanjú ẹjọ́, ara ò sì dẹ̀ ẹ́.

Fèyísọ́lá kò gba ọwọ́ náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú sí Frank.

"Aago mẹ́jọ alẹ́ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni kóró funfun. Ẹ rí i pé wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó. Wọn kì í fẹ́ràn omi tútù."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ síta sínú oòrùn.